Níbi Tí Ọkọ̀ Ti Ń Rọra

Kò sí pápákọ̀ òfurufú ní Ìgbẹ́tì. Ọmọ ìlú wa tó bá ń lọ sí òkè òkun yóò rin ilẹ̀ títí kó tó fò: Ìkòyí-Ilé, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, ó di Ìkẹjà. Ìlọrin ní pápákọ̀ tirẹ̀, èyí tí ìjọba àpapọ̀ fi sọrí Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn ní 2023, ó sì súnmọ́ wa ju Èkó lọ fíìfíì. Ìbàdàn náà ní ọ̀kan ní Alákìá, tí wọ́n fi sọrí Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dún kan náà. Síbẹ̀ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà dé Èkó, nítorí ẹrù. Èlùbọ́, òrí àti irú tí a fi ọ̀rá dì ní ìdì mẹ́ta mẹ́rin kí òórùn rẹ̀ má baà jáde, ta ni yóò san owó wọn nínú bàlúù méjì?

Iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀bá ọ̀nà Ìgbẹ́tì ni ìyá mi sì ti ta èlùbọ́ tí ó fi rán mi nílé ìwé. Bí wọ́n bá ní kí n sin ọmọ tàbí àbúrò kan dé Ìkẹjà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí. Àwọn tó ń tajà ni mo ń wò. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ níwèé, orúkọ ọba àti ti ajagun ni mo ń kọ sára pátákó, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà yìí kọ́ mi pé àwọn obìnrin tó jókòó ti igbá àti abọ́ lẹ́bàá títì ti wà níbẹ̀ ṣáájú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọba wọ̀nyẹn, wọ́n sì tún wà níbẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àpáta ni Ìgbẹ́tì. Orí òkè ni àwọn baba wa sá sí lásìkò ogun, Òkè Ìyámọ̀pó sì ń wo ìlú láti òkè di òní. Àpáta tó gba àwọn baba wa là ni àwọn ìyá wa ń sá nǹkan sí. Lẹ́yìn ìkórè iṣu, wọ́n á bó o, wọ́n á gé e, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n á fi sílẹ̀ mọ́jú nínú omi náà, kí wọ́n tó kó o lọ sórí òkúta fún oòrùn. Ẹni tó bá jáde ní Ìgbẹ́tì lásìkò ọyẹ́ yóò rí gbódó àti láfún lórí àpáta títí lọ, funfun àti pupa rẹ́súrẹ́sú, wọ́n á tún sá a sí etí títì níbi tí ọ̀dà ti gbóná. Mo mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kì í fẹ́ràn èyí, eruku ọkọ̀ ń bà sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní àpáta nítòsí, kí ló fẹ́ sá a sí?

Òkúta mábù tún wà, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé jáde ní ìlú wa ní òkìtì òkìtì, tí wọ́n ń lọ̀ fún ọ̀dà ìkunlé àti oúnjẹ adìyẹ. Ọkọ̀ wọ̀nyí ló ń ba títì wa jẹ́, àwọn awakọ̀ wọn ló sì ń ra oúnjẹ jù. Lẹ́yìn wọn ni èédú. Láti Ìgbẹ́tì wọ inú igbó, àpò èédú ló to ìdúró lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n fi koríko dí lẹ́nu. Igi ayin ni wọ́n fẹ́ jù, nítorí èédú rẹ̀ a máa pẹ́ nínú iná. Nígbà tí ayin bá wọ́n, wọ́n á kọjú sí ẹmi. Ó dùn mí wọra. Igi ẹmi ń lò tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kó tó so èso gidi, òrí tí àwọn obìnrin wa ń tà sì ti inú èso náà wá. Àáké ọkùnrin kan láàárọ̀ ọjọ́ kan lè gba òrí lọ́wọ́ obìnrin mẹ́ta fún ọjọ́ ayé wọn. Lẹ́bàá títì kan náà ni àpò èédú àti igbá òrí jókòó sí, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń dúró dè.

Ní àríwá ìlú wa ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú Aláàfin àtijọ́, wà, nínú igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1941, tó wá di ara ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ní 1991, ọgbà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ìlú tó wà níbẹ̀ nígbà kan ni òyìnbó arìnrìn-àjò Hugh Clapperton wọ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1826. Àgbádárìgì ló ti gbéra ní oṣù kejìlá ọdún tó ṣáájú. Méjì nínú àwọn òyìnbó tó bá a rìn, Captain Pearce àti Dókítà Morrison, kú sọ́nà. Katunga ni ó pe ìlú náà, bí àwọn Hausa ṣe ń pè é. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi rẹ̀ tó mílì 15 yíká, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 20, yàrà gbígbẹ sì yí i ká. Ẹnubodè mẹ́wàá ló kà, ó tún ka ọjà méje tí wọ́n ń ná nírọ̀lẹ́.

Àwọn ọmọ mi ní kíláàsì kì í fẹ́ gbọ́ ju odi yẹn lọ. Èmi, ẹnubodè àti ọjà ni mo máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Oníbodè jókòó sẹ́nu odi, ó ń gba owó lọ́wọ́ alájàpá, ó ń yẹ ẹrù wò. Owó ẹyọ ni wọ́n ń san, owó ẹyọ kò sì fúyẹ́: ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, ẹrù odindi ènìyàn kan ni. Kíka owó gba àkókò, èrò á tò, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á dúró, oòrùn á mú, ebi á pa ọmọ. Ẹni tó bá gbé ẹ̀kọ àti ẹ̀wà débẹ̀ kò ní kiri kó tó tà. Níbi tí wọ́n bá ti dá arìnrìn-àjò dúró ni ọjà ti ń hù. Ọba ló ń fi ẹnubodè sọ́nà, àwọn obìnrin ló ń sọ ìdúró yẹn di oúnjẹ.

Ohun kan tún wà nínú ìwé àwọn arìnrìn-àjò yẹn tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀. Ní 1830, Richard Lander tó bá Clapperton rin ìrìn yẹn padà wá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ John. Kí wọ́n tó dé Ọ̀yọ́ rárá, ní ìlú kan tí wọ́n pè ní Jenna lápá ìsàlẹ̀, wọ́n pàdé àwọn ayaba Aláàfin tó ru ẹrù sórí, tí wọ́n wá tajà láti Ọ̀yọ́-Ilé. Aṣọ kan pàtó ni wọ́n fi ń di ẹrù wọn, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ fi dì í. Ẹnikẹ́ni tó bá rí aṣọ náà mọ̀ pé oníbodè kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ ronú sí i: aya ọba Ọ̀yọ́, ẹrù lórí, ó ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn nítorí ọjà. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí ènìyàn ń fi ọjà ẹ̀bá ọ̀nà ṣe ẹ̀sín, pé iṣẹ́ ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe ni, àwọn ayaba yẹn ni mo máa ń rántí.

Ọ̀nà àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀nà tí à ń gbà lónìí. Apá ìwọ̀-oòrùn ni ọ̀nà ńlá Ọ̀yọ́-Ilé wà, lápá Ṣakí, tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sétí òkun ní Àgbádárìgì. Ọ̀nà ti Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọkọ̀ wa ń tọ̀ jẹ́ ọ̀nà àsálà. Ní nǹkan bí 1835 sí 1836, lẹ́yìn ìjà pẹ̀lú Ìlọrin àti ikú Aláàfin Olúewu, ènìyàn tú kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, ọ̀pọ̀ wọn sì dorí kọ gúúsù. Ìkòyí, ìlú Oníkòyí tó jẹ́ olórí Ẹ̀kùn Òsì fún Aláàfin, tú nínú rògbòdìyàn ìgbà yẹn. Ògbómọ̀ṣọ́ kò fọ́, ó sì kún fọ́fọ́ fún àwọn tó sá wá. Àtìbà lọ tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní Àgọ́ Ọ̀jà. Láti Ìgbẹ́tì dé Ọ̀yọ́, orí ìṣísẹ̀ àwọn tó ń sá fógun ni a ti ń wa mọ́tò.

Ibi tí ènìyàn bá ń sá sí, ebi á ti dé ibẹ̀ ṣáájú. Àrójẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀: abẹ́ igi ńlá àti ẹ̀bá odò, ibi tí alárùù ti ń sọ ẹrù, tí obìnrin ti ń ta ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, gúgúrú, ẹ̀pà, omi tútù. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Àrójẹ ṣì jẹ́ orúkọ àdúgbò kan títí di òní, lọ́nà Ìlọrin. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà tó gbé Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́, tẹ ìwé kan jáde ní 1857 nípa ohun tó rí nílẹ̀ wa. Àkọlé rẹ̀ ni Central Africa. Àárín gbùngbùn Áfíríkà ni ó rò pé òun wà! Lójú ẹni tó fi ẹsẹ̀ àti ẹṣin rìn láti etí òkun, Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ ní Ìgbẹ́tì lè jẹ oúnjẹ alẹ́ ní Ìkẹjà, bí ọ̀nà kò bá dí.

Nígbà tí òyìnbó gba ilẹ̀, ó fi ààlà sí ẹ̀yìnkùlé wa: Ìlọrin bọ́ sí ilẹ̀ àríwá, àwa bọ́ sí gúúsù, ó sì di 1914 kí wọ́n tó so méjèèjì pọ̀. Rélùwéè dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà ní 1909, kò sì yà sọ́dọ̀ wa rárá. Òkè-Ògùn, agbègbè wa, kò gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin. Ìdí nìyí tí ẹrù wa fi pẹ́ lórí ènìyàn àti lẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ju ti àwọn ará Òṣogbo tàbí Ọ̀fà lọ, tí ìfẹ́ wa sí mọ́tò fi le tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lẹ̀kájà wá dé. Ọkọ̀ onípákó yẹn tún mú ìdúró tirẹ̀ wá. Ẹ́ńjìnnì á gbóná, wọ́n á wá omi fún un. Táyà á bẹ́. Awakọ̀ á yà lọ jẹ iyán. Ní gbogbo ibi tó bá ti dúró, ẹnìkan á gbé àtẹ síbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yí.

Ìyá mi mọ èyí ju ẹnikẹ́ni tó kọ́ mi nílé ìwé gíga lọ. Ó mọ ibi tí awakọ̀ yóò ti rọra: kí ó tó sọ̀kalẹ̀ sórí afárá, lẹ́yìn kòtò, níbi tí ọ̀nà ti yà. Abẹ́ igi igbá kan ni àtẹ rẹ̀ wà, òjìji rẹ̀ tutù, ọkọ̀ tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ á sì dúró gẹ́rẹ́ níwájú rẹ̀. Ó di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà kúrò lápá òsì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Wọ́n ti ń kéde rẹ̀ lórí rédíò tipẹ́. Gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ awakọ̀, ta ló máa kọlu ta. Kò sẹ́ni tó ronú kan obìnrin tó ń ta èlùbọ́. Ilẹ̀ mọ́, àwọn oníbàárà ìyá mi ń kọjá lódìkejì títì, àwọn tó ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ti ná owó wọn tán, ló wá ń dúró níwájú rẹ̀. Ó gbé kọ́ńgò rẹ̀, ó gbé àpò, ó sọdá. Òdìkejì yẹn kò ní igi. Agboòrùn ló fi tajà níbẹ̀ títí igi dongoyárò tí òun fúnra rẹ̀ gbìn fi tó ẹni í jókòó sábẹ́. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà nípa ìyípadà ọdún 1972, n kò rí ìlà kan lórí àwọn tó sọdá títì pẹ̀lú àtẹ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sáré díẹ̀. Láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, ọ̀nà onílà méjì tí wọ́n ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí kò parí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ti gba ẹ̀mí púpọ̀. Àsìkò kajú àti máńgòrò ni ẹ̀bá ọ̀nà ibẹ̀ máa ń dùn ún wò jù. Àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wàrà nínú igbá, omi ewé bọmubọ́mú ni wọ́n fi mú un dì. Ní Ọ̀yọ́, igbá fínfín ni, iṣẹ́ tí ẹni tó sá kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé gbé lọ́wọ́ wá nítorí ọwọ́ kò ṣeé jà gbà lójú ogun. Ní Fìdítì, ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ní Mọ́níyà, ibùdó rélùwéè tuntun tí wọ́n fi sọrí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ọ̀nà irin náà láti Èkó. Rélùwéè tí kò yà sọ́dọ̀ wa ní 1908 ti súnmọ́ díẹ̀.

Láti Ìbàdàn, ọ̀nà márosẹ̀ ló kù. Lẹ́yìn ọdún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹjọ ọdún 1978. Kó tó dé, Ṣàgámù àti Ìkòròdú ni à ń gbà, tàbí ká gba Abẹ́òkúta. Ọ̀nà tuntun yìí tọ́, ó fẹ̀, wọ́n ṣe é kí ọkọ̀ má baà dúró níbì kan. Ṣùgbọ́n ìjọba fẹ́ gbowó, ó kọ́ tóògéètì sí i ní ìhà Ìbàdàn àti ní ìhà Èkó. Oníbodè padà dé nìyẹn, aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Àwọn tó ń ta búrẹ́dì, omi, ẹ̀pà àti ẹyin sísè ti yí i ká kí ọ̀dà tó gbẹ. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2004, Ààrẹ Ọbásanjọ́ fòpin sí owó tóògéètì káàkiri Nàìjíríà, wọ́n sì wó àwọn ilé ìgbowó náà. Lónìí, ẹni tó bá sọ fún awakọ̀ ní Ìbàdàn pé Tóògéètì ni òun ń lọ yóò dé ibi tó ń lọ. Géètì kò sí, àwọn tó ń tajà wà.

Ní ẹnu Èkó gan-an, nítòsí ibùdókọ̀ Berger, ọ̀nà márosẹ̀ sọdá odò kan, ọjà màlúù Kàrá sì wà létí rẹ̀. Bí ọdún iléyá bá ń bọ̀, àgbò a máa fẹ́rẹ̀ẹ́ gba títì mọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tí mo ń sìn lọ kì í mọ orúkọ odò náà títí n ó fi sọ ọ́: Odò Ògùn ni, ìtòsí Ṣakí ló ti ṣẹ̀ wá, odò tí ilẹ̀ Òkè-Ògùn fi ń jẹ́ orúkọ. Òun náà rin ìrìn tiwa dé Èkó.

Pápákọ̀ Ìkẹjà tí à ń lò yìí, oṣù kẹta ọdún 1979 ni wọ́n ṣí i, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀nà márosẹ̀, ó sì ń jẹ́ Murtala Muhammed, olórí ìjọba tí wọ́n pa ní oṣù kejì ọdún 1976. Ẹnubodè ni òun náà. Wọ́n ń yẹ ẹrù wò, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń gbowó lórí èyí tó bá lé. Mo ti rí ìyá àgbà kan tó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, tó ń bu èlùbọ́ Ìgbẹ́tì kúrò nínú báàgì ọmọ rẹ̀, kọ́ńgò kan, kọ́ńgò méjì, títí òṣùwọ̀n fi gbà. Àwọn tó ń ta báàgì àti àwọn tó ń fi ọ̀rá we ẹrù ti dúró tì í. Wọ́n mọ ibi tí èrò ti ń dúró.

Ọ̀rọ̀ mi kù sí ọ̀dọ̀ ẹni méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọ̀nà, yálà ti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ti Ìgbẹ́tì tí mábù ń bà jẹ́: ẹ má wulẹ̀ fi katakata kó àtẹ àwọn obìnrin wọ̀nyí dànù, kí ẹ wá rò pé wọ́n ti lọ. Wọn kò lọ rí láti ìgbà Ọ̀yọ́-Ilé. Ẹ fẹ ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí ọkọ̀ ti ń rọra, ẹ fi òrùlé sí i, ẹ gbẹ́ kànga, ẹ kọ́ ilé ìyàgbẹ́, kí ọmọ tó ń sáré tọ ọkọ̀ pẹ̀lú abọ́ ẹ̀pà lórí má baà bọ́ sábẹ́ táyà. Ẹ̀yin ọmọ Ìgbẹ́tì tí ẹ ń lọ sí Ìkẹjà, ẹ̀yin tí fóònù yín ń gba ohùn sílẹ̀: kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ jókòó ti ìyá yín tàbí ìyá bàbá yín, ẹ bi í ibi tó ti tajà, ẹni tó gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀, iye tí kọ́ńgò èlùbọ́ jẹ́ nígbà yẹn. N kò bi ìyá tèmi tó kó tó kú.